p53: Ẹ̀ṣọ́ Inú Ara tí Àgbàdo Tó Bu Lè Sọ Di Aláìlágbára

Lójoojúmọ́ ni àìmọye sẹ́ẹ̀lì ń pín sí méjì nínú ara ènìyàn láti rọ́pò àwọn tó ti gbó. Awọ ń bọ́, òmíràn ń hù. Ẹ̀jẹ̀ ń gbó, òmíràn ń dé. Kí sẹ́ẹ̀lì kan tó pín, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe àdàkọ gbogbo ìlànà tó ń darí iṣẹ́ rẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pè ní DNA. Iṣẹ́ àdàkọ yìí gùn púpọ̀, àṣìṣe kò sì ṣàì máa wọ inú rẹ̀. Bí àwọn àṣìṣe náà bá ń pọ̀ sí i láìsí ohun tó ń tún wọn ṣe, sẹ́ẹ̀lì náà lè kọ òfin ara sílẹ̀, kí ó máa pín láìdáwọ́ dúró. Bí àrùn jẹjẹrẹ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ara kò wà láìní olùṣọ́. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tó wà nínú ọjà sẹ́ẹ̀lì ni purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní p53. Jíìnì tó ń jẹ́ TP53 ni ara ń tẹ̀lé ìlànà rẹ̀ láti ṣe purotéènì náà. Nínú bí ìdajì gbogbo jẹjẹrẹ tí àwọn olùwádìí ti yẹ̀ wò, jíìnì yìí ti bàjẹ́. Kò sí jíìnì mìíràn tí wọ́n ń bá ní bíbàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú àrùn náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò pin sí ilé ìwádìí àwọn òyìnbó. Ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ti fi hàn pé ó ń ba jíìnì yìí jẹ́ lè wà nínú àká àgbẹ̀, nínú àpò ẹ̀pà tó wà lọ́jà, àti nínú ìkòkò tó wà lórí iná ní ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà.

Ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pè ní olè

Ọdún 1979 ni àwọn olùwádìí ní ibi mélòó kan kọ́kọ́ rí purotéènì yìí, olúkúlùkù ní ààyè tirẹ̀. David Lane àti Lionel Crawford ṣe tiwọn ní ìlú London. Arnold Levine àti Daniel Linzer ṣe tiwọn ní Yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà. Lloyd Old àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ náà rí i ní New York. Nígbà tí wọ́n wọn bí ó ṣe wúwo tó, òṣùwọ̀n ilé ìwádìí dúró lórí 53, ibẹ̀ ni orúkọ p53 sì ti wá. Ìwádìí tó tẹ̀lé e fi hàn pé ó fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n orúkọ àkọ́pè ti mọ́ ọn lára.

Nítorí pé inú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ni wọ́n ti ń bá a lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n gbà pé òun gan-an ló ń dá àrùn náà sílẹ̀. Bí ọdún mẹ́wàá ni èrò yìí fi gbilẹ̀. Ní ọdún 1989 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Bert Vogelstein àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Johns Hopkins yẹ jẹjẹrẹ ìfun ńlá wò, wọ́n sì rí i pé ẹ̀dà kan lára jíìnì yìí ti sọnù, ẹ̀dà kejì sì ti bàjẹ́. Ní ọdún kan náà, Levine àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ fi hàn pé p53 tí kò lábùkù máa ń dá sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ kọ́ kó má di jẹjẹrẹ. Ìgbà náà ló tó hàn gbangba pé ẹ̀dà tó ti bàjẹ́ ni àwọn olùwádìí ti ń lò nínú àyẹ̀wò wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá níbi tí olè ti jà kì í ṣe olè rárá. Ẹ̀ṣọ́ tí àwọn olè ti ṣe léṣe ni.

Ní ọdún 1992, Lane kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ Nature pé olùṣọ́ gbogbo ogún inú sẹ́ẹ̀lì ni p53. Oríkì yìí ni wọ́n fi ń kì í káàkiri àgbáyé títí di òní.

Bí ẹ̀ṣọ́ náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Nínú sẹ́ẹ̀lì, DNA pín sí ìdì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní kúrómósóòmù. Orí kúrómósóòmù kẹtàdínlógún ni jíìnì TP53 wà. Ẹ̀dà méjì ni ènìyàn ní lára rẹ̀: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, èkejì láti ọ̀dọ̀ ìyá. Purotéènì tí wọ́n ń fi í ṣe dà bí ẹ̀wọ̀n tó ní ojú 393, ojú kọ̀ọ̀kan sì ní ipò tirẹ̀.

Ní àkókò àlàáfíà, p53 kì í pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì. Purotéènì mìíràn tó ń jẹ́ MDM2 ló máa ń kó o lọ síbi tí wọ́n ti ń tú u palẹ̀, nítorí pé ẹ̀ṣọ́ tó bá ń fọn fèrè láìnídìí lè dá iṣẹ́ gbogbo ìlú dúró. Ṣùgbọ́n bí ìtànṣán oòrùn, èéfín tábà tàbí májèlé bá ba DNA jẹ́, ìkìlọ̀ yóò dún nínú sẹ́ẹ̀lì, MDM2 yóò sì tú u sílẹ̀. Kíá ni p53 yóò pọ̀ sí i. Mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n máa ń so ara wọn pọ̀ láti di DNA mú, kí wọ́n sì jí àwọn jíìnì mìíràn dìde sí iṣẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn jíìnì tí wọ́n ń jí ló ń ṣe purotéènì tí wọ́n ń pè ní p21. Òun ló ń dá pípín sẹ́ẹ̀lì dúró, kí àyè lè gba àwọn tó ń tún DNA ṣe. Bí àtúnṣe bá bọ́ sí i, sẹ́ẹ̀lì yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Bí ìbàjẹ́ náà bá kọjá àtúnṣe, p53 lè pàṣẹ pé kí sẹ́ẹ̀lì náà kú. Ikú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo kò jẹ́ nǹkan kan lójú ara, ṣùgbọ́n ó lè gba odindi ènìyàn là.

Bí ẹ̀ṣọ́ ṣe ń ṣubú

Lẹ́tà mẹ́rin péré ni a fi kọ DNA: A, C, G àti T. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà nínú jíìnì TP53 tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ fi dojú rú. Nítorí pé mẹ́rin ló ń para pọ̀ ṣiṣẹ́, ọ̀kan tó bàjẹ́ láàárín wọn lè sọ agbára àwọn yòókù di aláìníláárí. Ọ̀ràn wọn dà bí ti àwọn mẹ́rin tó jọ gbé pósí: bí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá yẹ̀, ọwọ́ àwọn mẹ́ta yòókù kò lè gbé e dọ́gba mọ́.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ìbàjẹ́ p53 nìkan ló ń dá jẹjẹrẹ sílẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì máa ń ní àbùkù mìíràn kún un kó tó di ewu. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ṣọ́ bá ti ṣubú, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún àwọn àbùkù yòókù láti máa wọlé láìsí ẹni tó ń dá wọn dúró.

Àwọn ohun tó ń gbé e ṣubú kò mọ sí ẹyọ kan. Ní ọdún 1996, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ohun kan tó wà nínú èéfín sìgá máa ń lẹ̀ mọ́ ojú ibi tí jíìnì TP53 ti sábà máa ń bàjẹ́ nínú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ọgbọ́n mìíràn ni fáírọ́ọ̀sì HPV, tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ, ń lò. Òun kì í fọwọ́ kan jíìnì náà rárá. Purotéènì rẹ̀ kan, tí wọ́n ń pè ní E6, ló máa ń mú p53 tó ti wà nílẹ̀, tí yóò sì mú kí sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ tú u palẹ̀. Àwọn kan ń ba ìwé òfin jẹ́, àwọn kan sì ń pa ọlọ́pàá. Ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń já sí.

Ti àgbàdo àti ẹ̀pà ló wá ṣàrà ọ̀tọ̀ jù.

Tòlótòló tó kú ní England

Ní ọdún 1960, àjàkálẹ̀ àrùn kan ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn tòlótòló ní orílẹ̀-èdè England. Ó lé ní 100,000 tó kú láàárín oṣù díẹ̀, ẹ̀dọ̀ wọn sì ti bàjẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ àrùn náà, wọ́n sì fi lẹ́tà X ṣe orúkọ fún un. Nígbà tí wọ́n tọpa oúnjẹ àwọn ẹyẹ náà, wọ́n bá ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n kó wá láti Brazil, tó sì ti bu. Ara rẹ̀ ni wọ́n ti rí irú olu tín-ín-tìn-ìn kan tí wọ́n ń pè ní Aspergillus flavus, èyí tó ń tú májèlé sínú ẹ̀pà náà. Orúkọ olu yìí ni wọ́n yọ orúkọ májèlé náà láti inú rẹ̀: aflatoxin.

Inú ilẹ̀ àti lára ìdọ̀tí oko ni olu yìí ń gbé. Ooru àti ọ̀rinrin ló fẹ́ràn. Ó lè wọ àgbàdo àti ẹ̀pà nígbà tí wọ́n ṣì wà lóko, pàápàá bí ọ̀dá bá dá wọn lóró tàbí bí kòkòrò bá dá ihò sí wọn lára. Ó sì lè pọ̀ sí i lẹ́yìn ìkórè, bí ọkà kò bá gbẹ dénú kí wọ́n tó dì í sápò. Ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò ṣaláìní ooru àti ọ̀rinrin, àgbàdo àti ẹ̀pà sì wà nínú oúnjẹ ojoojúmọ́ níbẹ̀: ògì, ẹ̀kọ, tùwó, àádùn, kúlíkúlì àti dọ̀ǹkúwà.

Bí aflatoxin bá pọ̀ nínú oúnjẹ, ó lè pa ènìyàn. Ní ọdún 2004, àgbàdo tí wọ́n kó pamọ́ ní tútù fa àìsàn fún ènìyàn 317 ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Kenya, 125 nínú wọn sì kú. Ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ jù kì í pariwo bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀díẹ̀ ló ń wọ ara lójoojúmọ́, láti ìgbà èwe títí di ọjọ́ ogbó, láìsí inú rírun tàbí èébì tó lè kìlọ̀ fún ẹni tó ń jẹ ẹ́.

Lẹ́tà kan péré

Ẹ̀dọ̀ ni ara fi ń palẹ̀ májèlé mọ́. Nígbà tí aflatoxin bá dé ibẹ̀, ẹ̀dọ̀ yóò gbìyànjú láti tú u ká, ṣùgbọ́n ìgbìyànjú yìí gan-an ló ń sọ ọ́ di ohun tó lè lẹ̀ mọ́ DNA. Lẹ́tà G ló sì máa ń lẹ̀ mọ́. Bí sẹ́ẹ̀lì bá pín kí wọ́n tó tún ibẹ̀ ṣe, T lè gba ipò G.

Ní ọdún 1991, ìwádìí méjì jáde pa pọ̀ nínú ìwé ìròyìn Nature. Ọ̀kan yẹ àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ wò láti agbègbè Qidong ní orílẹ̀-èdè China, èkejì sì yẹ àwọn ti gúúsù Áfíríkà wò. Agbègbè méjèèjì ni aflatoxin ti pọ̀ nínú oúnjẹ. Nínú aláìsàn 16 láti Qidong, lẹ́tà kan náà, ní ojú kan náà lórí jíìnì TP53, ló yí padà lára ẹni 8. Irú ìyípadà kan náà hàn nínú àwọn tó wá láti gúúsù Áfíríkà. Ojú 249 lórí ẹ̀wọ̀n purotéènì náà ni ọ̀rọ̀ kàn. Ní àwọn ilẹ̀ tí aflatoxin kò ti wọ́pọ̀, ìyípadà yìí ṣọ̀wọ́n nínú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀.

Ìgbà díẹ̀ ni ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ń rí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Májèlé náà fi ìka tẹ̀wé síbi tó ti ṣọṣẹ́. Nígbà tó yá, àwọn olùwádìí ní orílẹ̀-èdè Gambia rí àmì kan náà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, wọ́n sì rí i lára àwọn díẹ̀ tí àrùn náà kò tíì hàn lára wọn. Àjọ IARC, tí í ṣe ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ, ti fi aflatoxin sí ìsọ̀rí kìn-ín-ní, níbi tí èéfín tábà náà wà. Ìsọ̀rí ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn nìyí.

Nígbà tí ọ̀tá méjì bá pàdé

Aflatoxin kì í sábà dá ṣiṣẹ́ ibi rẹ̀ ṣe. Ní ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà, fáírọ́ọ̀sì àrùn mẹ́dọ̀wú irú B wọ́pọ̀, ọ̀pọ̀ sì ń kó o láti ara ìyá nígbà ìbí tàbí láti ara ọmọdé ẹgbẹ́ wọn. Fáírọ́ọ̀sì náà ń ba sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ jẹ́, èyí sì ń mú kí àwọn yòókù máa pín ní kíákíá láti dí àlàfo. Sẹ́ẹ̀lì tó ń kánjú pín kì í ráyè tún DNA tí aflatoxin ti bàjẹ́ ṣe.

Ìwádìí kan láàárín àwọn ọkùnrin tó lé ní 18,000 ní ìlú Shanghai, tí èsì rẹ̀ kíkún jáde ní ọdún 1994, fi bí ewu náà ti tó hàn. Ẹni tí aflatoxin nìkan wà lára rẹ̀ wà nínú ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀. Ẹni tí mẹ́dọ̀wú B nìkan wà lára rẹ̀ wà nínú ewu ní ìlọ́po méje. Ẹni tí méjèèjì bá lára rẹ̀ wà nínú ewu ní bí ìlọ́po 60. Ọ̀tá méjì yìí kò kàn ro agbára wọn pọ̀, wọ́n sọ ọ́ di púpọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ni.

Ohun tó mú èyí burú ni pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ kì í tètè fi ara hàn. Nígbà tí inú bá ń wú, tí ojú bá ń pọ́n bí ọsàn, tí ara sì ń gbẹ, àrùn náà ti sábà jìnnà. Àwọn tó wà nínú agbára wọn, tí wọ́n ń tọ́ ọmọ, tí wọ́n sì ń gbọ́ bùkátà òbí, wà lára àwọn tó ń mú lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Àwọn tí a bí àbùkù náà mọ́

Oúnjẹ tàbí èéfín kọ́ ló ń fa gbogbo ìbàjẹ́ p53. Àwọn ìdílé díẹ̀ wà tí ẹ̀dà tó lábùkù ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn láti ìran dé ìran. Frederick Li àti Joseph Fraumeni ló ṣàpèjúwe irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1969, níbi tí onírúurú jẹjẹrẹ ti ń mú ọmọdé àti ọ̀dọ́. Ọdún 1990 ni wọ́n tó mọ̀ pé jíìnì TP53 ló fà á. Ní gúúsù Brazil, irú àbùkù kan pàtó wà lára bí ẹni 3 nínú 1,000.

Ní Nàìjíríà, ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade ti Yunifásítì Chicago àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn gbé jáde ní ọdún 2018 yẹ obìnrin 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọmú wò. Àbùkù àjogúnbá nínú TP53 kò pé ẹnì kan nínú 100 lára wọn. Jíìnì BRCA1 ló pọ̀ jù, nítorí pé àbùkù rẹ̀ wà lára bí ẹni 7 nínú 100. Ìdílé tí ẹni púpọ̀ nínú wọn bá ti ní jẹjẹrẹ nígbà èwe ní ìdí láti sọ ìtàn náà fún dókítà. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ ènìyàn, p53 tó pé ni wọ́n gbé wá sáyé, ẹ̀yìn ìbí ló ń bàjẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ìrètí wà, nítorí pé ohun tó bàjẹ́ lẹ́yìn ìbí lè ní ìdènà.

Ṣé oògùn lè dá ẹ̀ṣọ́ náà padà sẹ́nu iṣẹ́?

Ẹ̀dá kan wà tó fún àwọn onímọ̀ ní ìyanu. Erin tóbi, ẹ̀mí rẹ̀ sì gùn, síbẹ̀ jẹjẹrẹ kì í sábà pa á. Ní ọdún 2015, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà kéde pé nígbà tí ènìyàn ní ẹ̀dà jíìnì yìí méjì péré, erin ní bí ogójì. Sẹ́ẹ̀lì erin tí DNA rẹ̀ bàjẹ́ kì í pẹ́ kú kó má bàa di ewu.

Àwọn ènìyàn náà ti gbìyànjú láti fún p53 lágbára. Ní ọdún 2003, ìjọba China fọwọ́ sí ìtọ́jú kan tó ń fi fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti rọ̀ lóró gbé jíìnì tó pé wọ inú jẹjẹrẹ orí àti ọrùn. Àwọn olùwádìí mìíràn ń wá oògùn tí yóò gba p53 lọ́wọ́ MDM2, tàbí tí yóò tún èyí tó ti wọ́ ṣe. Títí di ìsinsìnyí, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ti di ìtọ́jú tí àwọn ilé ìwòsàn ń lò káàkiri àgbáyé. Àtúnṣe ohun tó ti bàjẹ́ nira ju dídáàbò bò ó lọ.

Ohun tó wà ní ìkáwọ́ olúkúlùkù

Ẹ̀rí wà pé ìdènà ń so èso. Ní Qidong, láti nǹkan bí ọdún 1980 lọ, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìrẹsì rọ́pò àgbàdo nínú oúnjẹ wọn. Aflatoxin inú ara wọn lọ sílẹ̀ gidigidi. Ìwádìí tó jáde ní ọdún 2013 fi hàn pé ikú tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ń fà dín kù níbẹ̀ pẹ̀lú, àní láàárín àwọn àgbàlagbà tí kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú rí.

Kì í ṣe dandan kí ènìyàn kọ àgbàdo sílẹ̀. Ní agbègbè Kindia ní orílẹ̀-èdè Guinea, àwọn olùwádìí kọ́ àwọn ará abúlé 10 ní ọ̀nà tí wọ́n yóò fi tọ́jú ẹ̀pà: kí wọ́n ṣa èyí tó bu kúrò, kí wọ́n sá a sórí ẹní dípò ilẹ̀ lásán, kí wọ́n dì í sínú àpò ọ̀gbọ̀ tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, kí wọ́n sì gbé àpò náà ka orí pákó. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìkórè, aflatoxin inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó ìdajì ti àwọn abúlé 10 mìíràn tí kò gba ẹ̀kọ́ náà. Èsì yìí jáde ní ọdún 2005. Kò sí ẹ̀rọ olówó ńlá nínú rẹ̀. Ẹní, àpò, pákó àti ojú tó mọ nǹkan wò ni wọ́n lò.

Fún àwọn àgbẹ̀, Ilé Iṣẹ́ Ìwádìí Ọ̀rọ̀ Àgbẹ̀ Ilẹ̀ Olóoru, IITA, tó wà ní Ìbàdàn, àti àwọn akẹgbẹ́ wọn láti Amẹ́ríkà ti ṣe ohun kan tí wọ́n ń pè ní Aflasafe. Irú olu kan náà tó ń ba ọkà jẹ́ ni wọ́n lò, ṣùgbọ́n èyí tí kò lè tú májèlé ni wọ́n ṣà, tí wọ́n sì fi bo ọkà bàbà. Àgbẹ̀ yóò fọ́n kílò 10 sórí sáàré ilẹ̀ kan, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní hẹ́kítà, ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Olu rere yóò gba àyè mọ́ olu búburú lọ́wọ́. Bí wọ́n bá lò ó bó ṣe yẹ, aflatoxin inú ọkà lè dín kù ní ìdá 80 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nàìjíríà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é fún ilẹ̀ Áfíríkà.

Ní ilé ìdáná, ojú ni ohun èlò àkọ́kọ́. Àgbàdo tàbí ẹ̀pà tó bá ti bu, tó hun jọ, tó dúdú tàbí tó ní ihò kòkòrò kò yẹ kó wọ inú ìkòkò. Ẹ̀pà tó bá korò lẹ́nu, títu jáde ló tọ́ sí i, kì í ṣe gbígbé mì. Ewu ńlá wà nínú rírò pé iná yóò pa májèlé náà. Sísè àti yíyan ń pa olu, ṣùgbọ́n wọn kò lè mú gbogbo aflatoxin tó ti tú sílẹ̀ kúrò. Nítorí náà, kíkó ẹ̀pà tó bu jọ láti fi ṣe kúlíkúlì, tàbí lílọ àgbàdo tó bu mọ́ ti ògì ọmọ, kì í ṣe ọ̀nà àtiṣọ́wó ná. Fífi í bọ́ ẹran kò sì yọ ènìyàn nínú ewu, nítorí pé májèlé náà ń gba inú mààlúù bọ́ sínú wàrà.

Ìdènà kejì wà nínú abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nígbà tí Taiwan bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ mẹ́dọ̀wú B ní ọdún 1984, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ láàárín àwọn ọmọdé já wálẹ̀ sí bí ìdajì láàárín ọdún mẹ́wàá. Ní Nàìjíríà, abẹ́rẹ́ yìí wà lára àwọn tí ìjọba ń fún ọmọ ní ọ̀fẹ́. Àkọ́kọ́ ni ti ọjọ́ ìbí, àwọn yòókù sì ń tẹ̀lé e ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá. Ti ọjọ́ ìbí ló ṣe pàtàkì jù fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ ní fáírọ́ọ̀sì náà. Àgbàlagbà tí kò mọ ipò tó wà lè lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, nítorí pé oògùn wà tó ń dín agbára mẹ́dọ̀wú B kù.

Abẹ́rẹ́ tó ń dènà HPV náà ti dé. Oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 9 sí 14. Abẹ́rẹ́ yìí kò fọwọ́ kan jíìnì ọmọ náà. Ó kàn ń dènà ọ̀tá tó ń pa p53 rẹ̀ ni.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí dá ìpayà sílẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan kọ́ ló ń fa jẹjẹrẹ, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó jẹ àgbàdo tó bu ni àrùn náà ń mú. Àpapọ̀ ohun tó ń wọlé láti ọdún dé ọdún ni ewu. Ẹni tó bá ń dín in kù lójoojúmọ́ ń dín iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀ kù pẹ̀lú.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tí ẹnikẹ́ni kò fojú rí yìí kì í sùn, kì í sì í gba owó oṣù. Láti inú oyún ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó ń béèrè kò pọ̀: kí wọ́n sá ọkà kó gbẹ dénú, kí wọ́n ṣa èyí tó bu dànù, kí wọ́n sì gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ ní àkókò tó yẹ.